Duilio: Ọkọ̀ ogun Ítálì tí kò jagun, àmọ́ tó kó jìnnìjìnnì bá Gẹ̀ẹ́sì

Ní nǹkan bí ọdún 1880, ta ló tó Gẹ̀ẹ́sì í dojú kọ lórí òkun? Síbẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sáré ra àgbá mẹ́rin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Armstrong, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 100 tọ́ọ̀nù. Ó gbé méjì lọ sí Malta, ó gbé méjì yòókù lọ sí Gibraltar. Malta àti Gibraltar wà lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ sí Íńdíà, ẹ̀rù sì ń bà á pé ọkọ̀ ogun Ítálì lè wá fọ́ èbúté wọn. Ọkọ̀ tó fa gbogbo ìnáwó yìí ni Caio Duilio àti èkejì rẹ̀, Enrico Dandolo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1861 péré ni Ítálì di ìjọba kan ṣoṣo.

Ìtìjú ló bí Duilio. Ní 20 Oṣù Keje 1866, nígbà tí Ítálì àti Austria jagun nítòsí erékùṣù Lissa, ọkọ̀ ogun Ítálì pọ̀ ju ti Austria lọ, wọ́n sì tún lágbára jù wọ́n. Ṣùgbọ́n Tegetthoff, ọ̀gágun Austria, fi imú irin ọkọ̀ rẹ̀ kọlu Re d'Italia, ọkọ̀ Ítálì, ìyẹn sì rì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ilé aṣòfin àgbà Ítálì dá Persano, ọ̀gágun wọn, lẹ́jọ́, wọ́n sì gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Owó tí ìjọba ń ná lórí ọkọ̀ ogun wá dín kù gan-an.

Àìtó owó yìí ni ẹnjiníà Benedetto Brin gbé yẹ̀ wò. Bí àpò kò bá gba ọkọ̀ púpọ̀, kí ìwọ̀nba tí wọ́n bá lè kàn jẹ́ èyí tí kò sí irú rẹ̀ níbikíbi. Ọdún 1873 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Castellammare di Stabia, lẹ́bàá Naples. Àgbá tó kọ́kọ́ wà nínú àwòrán rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n gbé sí i níkẹyìn. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń kàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, títí wọ́n fi dé orí àgbá mẹ́rin tí ẹnu wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45, tí ọta wọn kan sì wúwo ju 900 kìlógíráàmù lọ. Méjì-méjì ni wọ́n wà nínú ilé irin méjì tó ń yí, láàárín ọkọ̀.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kí irin tó bo gbogbo ara ọkọ̀. Àárín nìkan ni Brin fi irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 55 dáàbò bò. Orí àti ìdí ọkọ̀ ló pín sí yàrá kéékèèké, kí omi má baà gba inú rẹ̀ kan. Irin wo ni wọn ì bá lò? Ní 1876, wọ́n yin irú àgbá náà gan-an sí oríṣiríṣi irin ní Muggiano, lẹ́bàá La Spezia. Irin àtijọ́ fọ́ yángá. Stíìlì tí ilé iṣẹ́ Schneider ní Creusot, nílẹ̀ Faransé, ṣe náà sán, àmọ́ ọta kò là á já, òun ni wọ́n sì mú.

Ibi tí mo ti rò pé Brin ṣàṣejù ni àgbá yẹn kan náà. Ẹnu ni wọ́n ń gbà ki í. Lẹ́yìn ìbọn kan, ilé irin náà á yí padà sí ojúkan, àgbá á dorí kodò, ẹ̀rọ alágbára omi á wá ti ẹ̀tù àti ọta sí i lẹ́nu láti abẹ́. Ó tó ìdámẹ́rin wákàtí kí ó tún tó yìn. Ọ̀tá wo ni yóò dúró dè é? Nígbà tó sì di Oṣù Kẹta 1880, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ parí, ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà bẹ́ fúnra rẹ̀.

Ogun kò kan Duilio rí. Ìdánrawò lásán ló ń bá àwọn ọkọ̀ yòókù lọ, ayé sì ń yára yí lójú rẹ̀: àgbá tí wọ́n ń ki láti ìdí dóde, Brin fúnra rẹ̀ sì kàn Italia, tí kò fi irin bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n tún Dandolo ṣe, wọ́n fún un ní àgbá tuntun. Owó kò tó láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Duilio. Ó di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin níṣẹ́ ọkọ̀, títí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín ọkọ̀ ogun ní 1909, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìkó-èédú-àti-epo-sí ní èbúté.