Ẹ̀rọ Ayípo Tó Sọ Ìwé Ìròyìn Di Ti Mùtúmùwà

Ẹni tó bá ti gúnyán rí mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo agbára òun ni iyán ń jẹ. Ọmọ odó gbọ́dọ̀ gòkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, gígòkè yẹn kò sì gún nǹkan kan. Ẹ̀rọ ìlọta ní tirẹ̀ kì í gòkè, kì í sọ̀. Yíyí ló ń yí, ata sì ń kúnná láìdáwọ́ dúró. Irú ìyàtọ̀ yìí gan-an ló wà láàárín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ àti ẹ̀rọ ayípo tó ń tẹ ìwé ìròyìn lónìí.

Nígbà tí Johannes Gutenberg bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé ní ìlú Mainz ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1450, orí pẹpẹ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Wọ́n á to lẹ́tà òjé, wọ́n á fi tàdáwà pa á, wọ́n á tẹ́ bébà lé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì tún ṣí i. Ó ju 350 ọdún lọ tí iṣẹ́ náà fi ń lọ bẹ́ẹ̀. Ní òpin àsìkò náà, tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bá yá dáadáa, bíi 250 ojú bébà ni wọ́n ń tẹ̀ ní wákàtí kan.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1814, ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù jáde láti inú ẹ̀rọ tí Friedrich Koenig ṣe, tí ooru omi gbígbóná ń wà. Àgbá irin ló ń tẹ bébà náà, ó sì ń tẹ 1,100 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n pẹpẹ lẹ́tà ṣì ń lọ, ó ń bọ̀. Richard Hoe ará New York ló gbé lẹ́tà fúnra rẹ̀ gun orí àgbá. Public Ledger ti ìlú Philadelphia ló kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́dún 1847. Bíi 8,000 ni ó ń tẹ̀ ní wákàtí kan.

Síbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ki bébà bọ ẹ̀rọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1863, William Bullock gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń fa bébà láti ara ríìlì, tó sì ń tẹ ojú méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀mí rẹ̀: lọ́dún 1867, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọgbẹ́ yẹn ló sì pa á.

Láàárín àsìkò yẹn ni ilẹ̀ Yorùbá náà ní ìwé ìròyìn tirẹ̀. Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1854, Ìwé Ìròhìn sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1859.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ayípo òde òní ṣe ń ṣiṣẹ́? Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta kan náà lè là á yé wa. Ibi tí aláró bá fi ẹ̀kọ ya, aró kì í wọ ibẹ̀. Pléètì ìtẹ̀wé náà ní ibi tó ń gba omi àti ibi tó ń gba tàdáwà ọlọ́ràá. Àgbá kan á kọ́kọ́ fi omi pa á, òmíràn á fi tàdáwà pa á. Níwọ̀n bí omi àti epo kì í ti í rẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà nìkan ni tàdáwà ń lẹ̀ mọ́.

Pléètì yìí kì í fara kan bébà. Orí àgbá tí wọ́n fi rọ́bà wé, tí àwọn òǹtẹ̀wé ń pè ní bláńkẹ́ẹ̀tì, ló ń tẹ̀ sí, rọ́bà náà ni yóò wá tẹ̀ ẹ́ sára bébà. Ní nǹkan bí ọdún 1904 ni Ira Rubel ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé èyí tí rọ́bà tẹ̀ mọ́ kedere ju ti tààrà lọ. Àwọ̀ mẹ́rin, ìyẹn búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ló ń tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú kan náà. Bí wọ́n bá yẹ̀ díẹ̀, ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò á di méjì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á gé bébà, á sì ká a. Àwọn tó tóbi jù lè tẹ bíi 70,000 ẹ̀dà ní wákàtí kan.

Iṣẹ́ àgbá ayípo kò mọ sórí ìwé. Aṣọ tilẹ̀ ṣáájú ìwé ìròyìn jàǹfààní rẹ̀: ọdún 1783 ni Thomas Bell ará Scotland gba ìwé àṣẹ fún àgbá bàbà tí wọ́n fín, tí wọ́n fi ń tẹ aṣọ. Ní Helmond, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, irú àgbá bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Vlisco fi ń tẹ oje igi gbígbóná sí ojú méjèèjì ankara kí aṣọ tó wọ aró. Nínú ilé wa, àgbá ayípo ló tẹ ọ̀rọ̀ sára nylon pure water, òun ló tẹ ọ̀pọ̀ àpò nudùlù.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí ni owó. Nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín wákàtí kan, ẹ̀dà kan di olówó pọ́ọ́kú, alágbàṣe àti oníṣòwò kékeré sì lè ra ìròyìn bí olówó ṣe ń rà á. Ní Nàìjíríà lónìí, àǹfààní yẹn ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Òkèèrè ni à ń gbé bébà ìwé ìròyìn wá, owó ilẹ̀ òkèèrè la fi ń rà á. Bí náírà bá ti ṣubú, iye tí ẹ̀dà kan ń jẹ á gun òkè. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti dá ilé iṣẹ́ bébà sílẹ̀ ní Jẹ́bà, ní Ìwópin àti ní Oku Iboku, tí bébà ìwé ìròyìn gan-an jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tó ń pèsè ohun tó tó wa lò.

Kí ìjọba àti àwọn olówó wa ró àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dìde. Ẹ̀rọ ìlọta kì í lọ ata tí kò sí. Bí bébà bá wọ́n kọjá agbára wa, kò sí bí ẹ̀rọ ayípo ṣe lè yára tó, ìwé ìròyìn yóò tún padà di ti olówó nìkan.