ÀLÀYÉ: Ǹjẹ́ Xender àti SHAREit ń jẹ dátà? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba áàpù ìfáìlìránṣẹ́ sórí fóònù yín

Ní oríta Ndokoti nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, níbi tí ọjà, ọkọ̀ èrò àti ọlọ́kadà ti há mọ́ra, bíi ti Computer Village n'Ìkẹjà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó dátà tó fi máa gba fídíò tàbí áàpù tuntun. Ohun tó yá ni kí ẹni tó ní in fi Xender tàbí SHAREit fi ránṣẹ́ sí fóònù yín.

Àwọn kan ní áàpù wọ̀nyí ń jẹ dátà. Àwọn mìíràn ní fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Èwo ni òótọ́?

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Fóònù méjèèjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Bluetooth sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn, Wi-Fi á sì gbé fáìlì náà kọjá. Wi-Fi yìí kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì: fóònù kan ló tàn án, èkejì sì so mọ́ ọn. Nítorí náà, fáìlì tó ń kọjá kì í jẹ dátà. Ìpolówó inú áàpù ló lè jẹ ẹ́, tí ẹ kò bá pa dátà yín.

Èyí wúlò gan-an nígbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2017, ìjọba Kamẹrúùnù ti íntánẹ́ẹ̀tì pa fún ọjọ́ 93 ní ẹkùn méjì tí wọ́n ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Buea kan ní láti máa rìnrìn àjò lọ sí Douala kí wọ́n tó lè rí i lò.

Ibo wá ni ewu wà?

Ewu tó pọ̀ jù wà níbi tí ẹ ti gba áàpù náà àti bí ẹ ṣe tò ó. Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ wo fóònù yín. Quick Share, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nearby Share títí di ọdún 2024, ti wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android. AirDrop wà lórí iPhone. Ẹ lè má nílò áàpù mìíràn.

2. Tí ẹ bá nílò rẹ̀, Play Store ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má gba APK láti ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, torí ẹlòmíràn lè ti fi nǹkan kún un. Lọ́dún 2021, Kaspersky rí Triada, áàpù burúkú tó lè forúkọ yín sílẹ̀ fún ohun tí ẹ ó máa sanwó fún, nínú ẹ̀yà FMWhatsApp kan.

3. Ẹ ka ohun tó ń tọrọ. Lórí Android àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí ẹ wà kó tó lè rí fóònù tó wà nítòsí. Àmọ́ kò nílò SMS yín láti fi fáìlì ránṣẹ́. Tó bá béèrè rẹ̀, ẹ má gbà.

4. Ẹ má ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ pa á.

5. Ẹ máa gba ẹ̀yà tuntun. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Trend Micro kéde pé SHAREit lórí Android ní àléébù tí ọ̀daràn lè gbà jí ìsọfúnni. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ti tún un ṣe. Ẹni tí ẹ̀yà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jàǹfààní àtúnṣe yẹn.

6. Ẹ wo "Install unknown apps" nínú Settings. Láti Android 8, áàpù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ pa ti áàpù ìfáìlìránṣẹ́ náà.

Àbájáde

Kì í ṣe òótọ́ pé fífi fáìlì ránṣẹ́ lọ́nà yìí ń jẹ dátà. Kì í sì í ṣe òótọ́ pé gbogbo irú áàpù bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: láti ọdún 2018 ni WhatsApp ti ń fi àmì sára ohun tí wọ́n bá tàtaré. Fídíò tó ti ọwọ́ dé ọwọ́ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ibi tó ti wá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.