Kí ló ń mú kí ọ̀kadà máa tú èéfín olóró síta, báwo ni wọ́n sì ṣe ń wádìí rẹ̀?

Èéfín tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà alùpùpù kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí epo bẹntiróòlù bá jó tán pátápátá nínú ẹ́ńjìnnì, oru omi àti gáàsì carbon dioxide, irú èyí tí ènìyàn náà ń mí síta, nìkan ló yẹ kó kù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo tán délẹ̀délẹ̀, nínú àjókù yìí sì ni ewu wà. Àkọ́kọ́ nínú àwọn àjókù náà ni carbon monoxide, tí wọ́n ń kọ ní CO, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, tó máa ń wáyé nígbà tí epo bá jó níbi tí ọ́síjìn kò ti tó. Òun kan náà ló ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn, nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní igba ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Èkejì ni HC, ìyẹn epo tí kò jó rárá tàbí tó jó kù, tó máa ń ta ènìyàn lójú tó sì máa ń rùn bí epo tútù. Ẹ̀kẹta ni àwọn gáàsì nitrogen oxide, tó máa ń pọ̀ nígbà tí ooru inú ẹ́ńjìnnì bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ alùpùpù wò lójú ọ̀nà kì í sábà wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, orí CO àti HC ni ìwádìí mẹkáníìkì sábà máa ń dá lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìròyìn tí Báǹkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí fa ikú àìtọ́jọ́ tó tó 11,200 ní Èkó ní ọdún 2018, wọ́n sì ka ọkọ̀ ojú pópó mọ́ àwọn orísun rẹ̀ tó burú jù, pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀. Alùpùpù nìkan kọ́ ló fà á, síbẹ̀ ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti àárọ̀ di alẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wà nídìí èéfín tirẹ̀ àti ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Bajaj àti TVS, alùpùpù tó kún ojú pópó Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, fìdí kalẹ̀ sí. Ní Íńdíà, ẹni tó ni alùpùpù gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ síbi àyẹ̀wò èéfín lóòrèkóòrè, níbi tí wọ́n ti ń ki ọ̀pá ẹ̀rọ kan bọ inú sàlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, tí ẹ̀rọ náà yóò sì kọ iye CO àti HC tó rí. Alùpùpù fóò-sítíróòkù, ìyẹn èyí tí pístọ́ọ̀nù rẹ̀ ń lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jó epo lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá ti ṣe é lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 2000, kò gbọdọ̀ tú CO tó ju ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, HC rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 4,500 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Fún àwọn tó bá òfin tuntun ti ọdún 2020 mu, CO kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.5 lọ, HC kò sì gbọdọ̀ ju 500 lọ. Ohun tó dunni ni pé nígbà tí alùpùpù bá sọdá òkun wá sí Nàìjíríà, àyẹ̀wò yìí kì í bá a dé ibi tí wọ́n ti ń gùn ún.

Àǹfààní ńlá tó wà nínú nọ́ńbà méjì wọ̀nyí ni pé, bí wọ́n bá kà wọ́n pọ̀, wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí àléébù wà. Kílógíráàmù epo kan nílò nǹkan bí kílógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó lè jó tán. Bí epo bá pọ̀ ju èyí lọ, CO yóò gòkè, bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ jù, CO yóò lọ sílẹ̀. Nítorí náà, CO tó ga nìkan ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. HC tó ga nígbà tí CO kò ga ń sọ pé epo wọlé ní ìwọ̀n tó yẹ, tàbí kó tilẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò jó. Bí méjèèjì bá ga pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé epo pọ̀ débi pé iná pọ́lọ́ọ̀gì, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, kò ràn án dáadáa mọ́. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ kò ní nọ́ńbà yìí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ̀rí tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò sì kéré.

Kí wọ́n tó tú pọ́lọ́ọ̀gì, ó yẹ kí alùpùpù náà ti rìn fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá kí ara rẹ̀ lè gbóná, kí wọ́n wá pa á, kí wọ́n jẹ́ kó tutù díẹ̀. Bí ẹnu funfun tó yí irin àárín pọ́lọ́ọ̀gì ká bá ní àwọ̀ amọ̀ gbígbẹ, epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Bí ó bá dúdú tí dúdú rẹ̀ sì gbẹ bí èédú, tó ṣeé fi ìka nù kúrò, epo ti pọ̀ jù. Bí dúdú náà bá tutù tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó pẹ̀lú epo. Bí ó bá funfun báláú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì náà sì ń gbóná kọjá àlà.

Nígbà tí ẹ̀rí bá fi hàn pé epo pọ̀ jù, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n mú sukudíráfà kí wọ́n sì yí sukúrúù ara kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Àṣìṣe ni. Sukúrúù yìí ló yẹ kó gbẹ̀yìn, nítorí pé ibi ìṣiṣẹ́ lójú kan nìkan ni agbára rẹ̀ dé, ó sì lè bo àléébù mọ́lẹ̀ láìwò ó sàn. Fílítà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku bá gba ojú ọ̀nà kan, fílítà tó ti dí ń mú kí ẹ́ńjìnnì dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí nímú tí wọ́n sì ní kó sáré: afẹ́fẹ́ kò wọlé tó, ẹ́ńjìnnì sì ń fi tipátipá fa epo púpọ̀ jáde láti inú kabúrétọ̀. Fílítà oní-fóòmù ṣeé fọ̀, ó ṣeé gbẹ, ó sì ní ọ́ìlì díẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi rin ín lẹ́yìn náà. Èyí tó jẹ́ bébà kò ṣeé fọ̀, pípààrọ̀ ni. Àwọn kan máa ń yọ fílítà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí alùpùpù lè rí èémí, wọn kò sì mọ̀ pé eruku tó bá wọlé yóò ha ara sílíńdà, tí yóò fi di pé ọ́ìlì ń jó, tí èéfín yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn fílítà ni ṣóòkù, ìdènà tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tútù lè tètè dáhùn láàárọ̀. Bí okùn rẹ̀ bá há, tí kò padà sí àyè rẹ̀ tán, alùpùpù yóò máa jẹ epo ní gbogbo ọjọ́, ẹni tó ń gùn ún kò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ àfi nígbà tó bá ṣírò owó epo. Inú kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le jù. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń léfòó lórí epo, tó sì ń ti abẹ́rẹ́ kan sókè láti sé ẹnu ọ̀nà nígbà tí epo bá dé ìwọ̀n. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ náà bá ti jẹ, epo yóò máa gòkè kọjá ibi tó yẹ. Jẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ìṣó kékeré oníhò tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ti dì mọ́ ọn. Ó wọ́pọ̀ pé kí wọ́n fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì tó dí. Idẹ rọ̀ ju wáyà lọ, ihò náà á fẹ̀, bí ó bá sì ti fẹ̀, kò sí sukúrúù tó lè tún un ṣe mọ́. Afẹ́fẹ́ líle tàbí omi ìfọ kabúrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣí i. Èyí tí wọ́n bá ti fi wáyà gún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ra òmíràn tó ní nọ́ńbà kan náà.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti dára ni sukúrúù kàn, ó sì ní ohun kan tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Bí sukúrúù náà bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kabúrétọ̀ fi kọjú sí fílítà, afẹ́fẹ́ ló ń darí, bí wọ́n bá yí i wọlé, epo ni yóò pọ̀. Bí ó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, epo ló ń darí, bí wọ́n bá yí i wọlé, epo yóò dín kù. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ CO di púpọ̀ nígbà tó rò pé òun ń dín in kù.

Bí HC bá ga tí CO kò sì ga, iná ni wọ́n ń wá. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì tó ti fẹ̀ ju nǹkan bí 0.7 sí 0.8 mìlímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù báyìí kì í tan dáadáa, fìlà rọ́bà rẹ̀ tó ti sán a sì máa jẹ́ kí iná ta sára irin, pàápàá nígbà òjò. Bí rọ́bà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bá ti là, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n yóò máa wọlé, epo yóò fọ́nká débi pé iná kò ní lè ràn án. Bí wọ́n bá fọ́n omi díẹ̀ sí ibi ìsopọ̀ náà tí ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà, ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Fáàfù, ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún epo láti wọlé àti fún èéfín láti jáde, ni àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fura sí. Àyè kékeré kan gbọ́dọ̀ wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í, nǹkan bí 0.05 sí 0.1 mìlímítà nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, bí ìwé olùṣe bá ṣe sọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ọlọ́kadà fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì tí kò pariwo, mẹkáníìkì a sì fún àyè náà pa kí apá yẹn, tí wọ́n ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì, má baà dún. Ṣùgbọ́n fáàfù tí kò ní àyè kò lè pa dé tán, epo tí kò jó yóò máa yọ́ jáde, iná yóò sì máa jẹ etí fáàfù títí yóò fi bàjẹ́.

Èéfín aláwọ̀ aró kò sí lára nọ́ńbà CO, ọ́ìlì ló ń fà á. Bí ó bá jáde lówùúrọ̀ nìkan tàbí nígbà tí ẹni tó ń gùn ún bá dẹ ọwọ́ tó sì tún fún un níná, rọ́bà ìdí fáàfù ló ti gbẹ. Bí ó bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù bá ń fa ẹrù, rìńgì pístọ́ọ̀nù tàbí sílíńdà ló ti jẹ. Túù-sítíróòkù yàtọ̀, nítorí pé ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ epo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, apá kan epo tuntun a sì máa bá èéfín jáde láìjó, èyí tí kò sí àtúnṣe tó lè mú un kúrò pátápátá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń pè ní zemidjan, epo ìgò tí wọ́n ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà, ni wọ́n sì máa ń rà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ń tà á ti ń fi ojú wọn ọ́ìlì tó ń pò ó.

Epo tí kò dára lè sọ gbogbo ìwádìí yìí di asán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Methanol ní ọ́síjìn nínú ara rẹ̀, tó ń ṣe bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ó sì máa ń jẹ rọ́bà kabúrétọ̀, tó fi jẹ́ pé alùpùpù tó dára lánàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé iná lónìí. Bí alùpùpù bá yí padà lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ra epo, kí wọ́n kọ́kọ́ da epo náà nù kí wọ́n tó tú ohunkóhun.

Ìjọba Nàìjíríà kò ṣàìní òfin, nítorí pé ìlànà NESREA, àjọ tó ń mójú tó àyíká, lórí èéfín ọkọ̀ oní-bẹntiróòlù àti oní-dísẹ́ẹ̀lì ti wà láti ọdún 2011. Ẹ̀rọ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì dá owó ra ẹ̀rọ ayẹ̀èéfínwò kan ó kéré tán sí ọgbà mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, kí ẹni tó ni ọ̀kadà béèrè pé kí wọ́n tú pọ́lọ́ọ̀gì hàn án kí wọ́n sì ṣí fílítà lójú rẹ̀, kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan sukúrúù kabúrétọ̀.