Oúnjẹ Ẹmọ́ Òyìnbó Wà Lọ́jà Ṣàngó

Bí ènìyàn bá dé ọjà Ṣàngó nílùú Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá alátàtàṣé á ti máa ṣa èyí tó pọ́n jù sọ́tọ̀, wọn á sì máa tà á lọ́pọ̀. Lásìkò àgbàdo, háhá á kún ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń sun àgbàdo, wọn á sì gbá a dànù tí ilẹ̀ bá ṣú. Oúnjẹ gidi làwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́ fún ẹran kékeré kan tí àwọn ọmọ ń sìn nínú ilé: ẹmọ́ òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní guinea pig.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama, mo sì ń sin ẹmọ́ òyìnbó ní ẹ̀yìnkùlé mi, nítòsí ọ̀nà tó lọ sí Pólì Ìbàdàn. Àwọn òbí máa ń dá mi dúró lọ́nà pé, “Tíṣà, kí ni ká máa fún un jẹ?” Wọ́n ti gbọ́ pé òkè òkun ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, pé ọ̀wọ́n gógó sì ni. Èsì mi kì í yí padà: oúnjẹ tó dára jù fún un ò jìnnà sí wa. Kí a kọ́kọ́ mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ṣe pàtàkì.

Ara ewúrẹ́, àgùntàn àti ehoro ló ń pèsè fítámì C fún wọn. Ti ẹmọ́ òyìnbó kò lè pèsè rẹ̀, tiwa ènìyàn náà kò sì lè ṣe é. Inú oúnjẹ nìkan ni àwa méjèèjì ti ń rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ òkun ayé àtijọ́ tí kò rí èso àti ẹ̀fọ́ tútù jẹ fi ń kú lójú agbami: erìgì wọn á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa yọ, okun inú wọn á sì tán. Ní ọdún 1747, dókítà ọmọ Scotland kan, James Lind, fún àwọn kan nínú wọn ní ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù, ara wọn sì yá. Ní ọdún 1907, Axel Holst àti Theodor Frølich ní Norway fi ọkà nìkan bọ́ ẹmọ́ òyìnbó, àìsàn kan náà sì kọlù wọ́n. Ẹran yìí ló la ọ̀nà fún àwọn onímọ̀ títí Albert Szent-Györgyi àtàwọn mìíràn fi dá fítámì C mọ̀ ní ọdún 1932. Szent-Györgyi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937. Oore ńlá ni ẹran yìí ṣe fún ìran ènìyàn, ó sì yẹ ká tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹmọ́ òyìnbó kò bá rí fítámì C fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, irun rẹ̀ á gírí, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa tiro, kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn olówó rẹ̀ á rò pé ọjọ́ ogbó ló dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀fọ́ tútù ni kò rí jẹ.

Èyí tó bá wọn kílò kan nílò mílígíráàmù 10 sí 30 lójúmọ́. Èyí tó lóyún ló nílò rẹ̀ jù. Nínú gíráàmù 100 tàtàṣé pupa, fítámì C ju mílígíráàmù 100 lọ. Ti ọsàn kò ju bí 50 lọ, ti gúáfà sì ju 200. Mo máa ń fọ tàtàṣé dáadáa, màá là á sí mẹ́rin, màá yọ ìdí àti kóró rẹ̀ kúrò, màá sì fún ẹyọ ẹmọ́ kan ní ìdá kan. Ó ti tó fún ọjọ́ yẹn. Tàtàṣé ni mo wí o, kì í ṣe rodo tàbí ṣọ̀ǹbọ̀. Ṣúgà wà nínú gúáfà àti ọsàn, nítorí náà ègé kékeré ni kẹ́ ẹ fún un, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó bá ti jẹrà, ẹ má fún un, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ má sì po oògùn fítámì C mọ́ omi rẹ̀, torí kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń lọ nínú omi.

Síbẹ̀, koríko ni oúnjẹ rẹ̀ gan-an, òun ló sì yẹ kó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Eyín 20 ló wà lẹ́nu ẹmọ́ òyìnbó, gbogbo wọn ló sì ń gùn sí i títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Jíjẹ koríko ló ń gé wọn kù. Bí eyín inú bá gùn jù, á tẹ̀ bo ahọ́n. Oúnjẹ á wà níwájú ẹran, kò sì ní lè gbé e mì. Koríko yìí náà ló ń jẹ́ kí ìfun rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí i tó tẹrí ba sí abẹ́ ara rẹ̀, tó ń jẹ ìgbẹ́ rírọ̀, ẹ má lé e: bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí èròjà tó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ gbà padà.

Guinea grass, koríko gíga tó ń hù káàkiri ilẹ̀ wa, dára púpọ̀. Tí ìrì bá ti gbẹ ni mo máa ń gé e, màá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pákó lábẹ́ ìbòòji, màá sì máa yí i padà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bó bá gbẹ dáadáa, àwọ̀ ewé á ṣì wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì máa ta sánsán. Èyí tó bá ń rùn bí ilé tí omi wọ̀, èbu ti wà nínú rẹ̀. Ẹ dà á nù. Háhá àgbàdo tútù, ewé ọ̀dùnkún àti yúnyun tí àwọn tó ń sin ehoro mọ̀ dáadáa náà dára. Àmọ́ ẹ má gé koríko létí títì, níbi tí èéfín mọ́tò ń bà lé e, ẹ má sì gé e níbi tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko. Tí ẹ kò bá mọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, koríko gbígbẹ ṣì dára fún eyín àti ìfun, ṣùgbọ́n fítámì C inú rẹ̀ ti lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni tàtàṣé kò gbọdọ̀ wọ́n nílé.

Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá di ojoojúmọ́, wọ́n lè dá òkúta sílẹ̀ nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́, píà, àlùbọ́sà àti ewé tòmátì jẹ́ májèlé fún un. Gàrí, búrẹ́dì àti ìrẹsì ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Oúnjẹ adìyẹ kò yẹ ẹ́, torí oògùn lè wà nínú rẹ̀. Ti ehoro kò ní fítámì C tó pọ̀ tó. Omi tútù tó mọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo: èyí tó bá wọn kílò kan lè mu ìdá kan nínú márùn-ún omi inú ọ̀rá pure water kan lójúmọ́.

Mo bẹ̀ yín, bó bá ń ṣàìsàn, ẹ má ra ampiclox fún un ní ilé kẹ́míìsì. Ó ń pa àwọn kòkòrò tó ń ran ìfun rẹ̀ lọ́wọ́, ẹran náà sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ò jìnnà sí wa ní Ṣàngó.

Ewúrẹ́ àdúgbò lè rìn lọ wá ohun tó wù ú jẹ. Ẹmọ́ òyìnbó inú àgò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀; ohun tí ọmọ yín bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa jẹ. Ẹ kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ yìí: koríko láàárọ̀ àti lálẹ́, tàtàṣé lójoojúmọ́, kó sì máa gbé ẹran náà sórí ìwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Irun rẹ̀ lè bo rírù rẹ̀ mọ́ yín lójú, ṣùgbọ́n ìwọ̀n á tètè fi hàn yín.