Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru: Ta ló yẹ kó ṣọ́ra?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí orúnkún tún ń dùn, lè má lè bẹ̀rẹ̀ ro ebè mọ́, àmọ́ ó ṣì lè gbin ẹ̀fọ́. Kó rọ iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún àpò ìrẹsì, kó gbin tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ó ti tó já sọ́bẹ̀.

Èròjà potassium inú ẹ̀fọ́ máa ń dín ọṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe nínú ara kù.

Àmọ́ tí kíndìnrín bá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, potassium yìí kan náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn sì máa lù ségesège. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa gbin ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ ìwọ̀n tó lè jẹ.