Igi Àyìn: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Orúkọ Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Bétérou, ní agbègbè Tchaourou, níbi tí odò Ouémé ti ń la ọ̀dàn kọjá, igi kan wà tí a ń pè ní àyìn. Bèbè odò àti etí igbó ni ó ti wọ́pọ̀. Ó lè ga ju mítà 15 lọ. Ewé rẹ̀ kéré, ẹ̀ka rẹ̀ a sì máa rọ̀ wálẹ̀. Láti Senegal títí dé Ethiopia ni ó ti ń hù.

Igi líle pọ̀ ní ọ̀dàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi líle ni ó yi. Òmíràn a máa ṣẹ́ lójijì bí ọkọ́ bá kan gbòǹgbò. Àyìn le, ó sì tún ń tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń fi í ṣe ẹ̀rúkọ́ àti ẹ̀rú àáké. A tún ń fi í rin ẹnu. Ní Mali, omi ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ bògòlàn kí wọ́n tó fi ẹrẹ̀ ya ọnà sí i. Ibi tí ẹrẹ̀ bá kàn a sì di dúdú.

Orúkọ igi yìí gba àkíyèsí. Àwọn ìwé Faransé ń pè é ní bouleau d'Afrique, bẹ́ẹ̀ ni bouleau ilẹ̀ Yúróòpù kì í ṣe ìbátan rẹ̀ rárá. Ìbátan rẹ̀ gan-an ni igi ìdí, tí àwa náà ń fi rin ẹnu. Ní Yorùbá ẹ̀wẹ̀, àyìn inú oríkì Àyìnlá àti Àyìnkẹ́ ti inú ọ̀rọ̀ náà "yìn" wá. Kò kan igi. Ìdí pẹ̀lú ní ìtumọ̀ mìíràn. Níwọ̀n bí àmì ohùn kò ti lè ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọ "igi àyìn" àti "igi ìdí" nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jẹ yọ nínú ìwé.

Iná ọ̀dàn a máa pa ọ̀dọ́ àyìn, púpọ̀ nínú èso rẹ̀ kì í sì í hù; àwọn tí ń sun èédú pẹ̀lú ń wá a, nítorí iná rẹ̀ gbóná. Bí igi bá ń dínkù, ọ̀rọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ọn a máa dínkù pẹ̀lú. Ìwé kíkà tí ó bá kọ "igi líle kan" ti pàdánù ohun tí àgbẹ̀ mọ̀. Èyí tí ó bá kọ "ẹ̀rúkọ́ àyìn" ti pa á mọ́.