Pálọ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Wọ̀n

Kí ọmọkùnrin náà tó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín pálọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ní Ṣùúrùlérè. Àtẹ́wọ́ náà lu ògiri, ó padà, ó tún lọ. Ó wo ilẹ̀: táìlì láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ fèrèsé. Ó wo ògiri: bulọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ó wo àwọn àga tó fẹ̀yìn ti ògiri yíká, bí a ti ń to pálọ̀ nílẹ̀ wa kí àárín lè ṣófo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ máa ń jókòó sí tí ẹ bá ń gbọ́ orin?"

Bọ̀ọ̀dá mi nawọ́ sí àga ńlá tó wà lápá ẹ̀yìn. "Ibẹ̀ yẹn. Báàsì ibẹ̀ pọ̀ dáadáa."

"Ó pọ̀ jù ni, sà."

Bọ̀ọ̀dá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àwo Ebenezer Obey, Sunny Adé àti Haruna Iṣọ̀lá tó kún kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì tún ní Spotify tí àwọn ọmọ wọn gbé sórí fóònù fún wọn. Áńpílífáyà kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá, èyí tí yóò máa fa orin láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò gba àwo, tí yóò sì lè ti sípíkà méjì. Wọ́n ti gbọ́ pé irú rẹ̀ wà báyìí tó máa ń fi máìkì tẹ́tí sí yàrá kí ó tó tún ohùn ṣe. Ọmọkùnrin tó ń ta ẹ̀rọ yìí gbà láti gbé mẹ́ta wá kí a fi etí ara wa gbọ́: WiiM Amp, tó jáde ní 2023, Lyngdorf TDAI-1120, ẹ̀rọ àwọn ará Denmark, àti NAD M10 ti ọdún 2019, tí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì tí a ń fọwọ́ tẹ̀.

"Èwo ló lágbára jù nínú wọn?" Ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà nìyẹn.

NAD ń gbé 100 wáàtì jáde fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Lórí sípíkà olóòmù 8, 60 wáàtì ni WiiM ń gbé, 60 náà ni Lyngdorf. Bẹ́ẹ̀, owó Lyngdorf ju ìlọ́po márùn-ún ti WiiM lọ. Bọ̀ọ̀dá mi wo ẹ̀rọ méjèèjì, wọ́n tún wo ọmọkùnrin náà. "Kí wá ni mò ń sanwó lé lórí?"

Kò dáhùn. Ó fa tépù yọ lápò, ó ní kí n di ẹnu rẹ̀ kan mú. Gígùn pálọ̀ jẹ́ mítà 6, fífẹ̀ rẹ̀ 4, gíga rẹ̀ 3.

"Háà, sà. Gíga ilé yín jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀ gẹ́lẹ́."

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nínú ooru Èkó, ohùn ń sáré tó mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì ohùn tó gùn tó mítà 6 máa ń há sáàárín ilẹ̀ àti àjà tó fi mítà 3 jìnnà síra, ìgbì yìí kan náà sì bá gígùn pálọ̀ mu rẹ́gí. Ẹ pín 349 sí 6, ẹ ó rí i pé ó ń mì ní ìgbà 58 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 58 Hz. Nóòtù tí àwọn onígìtá ń pè ní B-flat nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni pálọ̀ yìí gbà ń ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìn, níbi tí bọ̀ọ̀dá mi ń jókòó sí, ló sì ti ń le jù. Ògiri pátákó tí wọ́n fi páálí POP bò, irú èyí tó pọ̀ nílé àwọn ará Amẹ́ríkà, máa ń mì, ó sì máa ń gbé díẹ̀ nínú báàsì mì. Bulọ́ọ̀kù kì í mì. Gbogbo ohun tí ẹ bá jù sí i ló ń dá padà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ka àbọ̀ tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa áńpílífáyà bí ẹni ń kàwé ìdájọ́: inú ilé mìíràn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ó fi fóònù rẹ̀ gbé ohùn kan sínú sípíkà, ó sì ń tì í gòkè díẹ̀díẹ̀. Ní 44 Hz, ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lórí àga. Ìgbì tó há sáàárín ògiri ọ̀tún àti ti òsì nìyẹn, F ni lórí gìtá báàsì. Àárín gan-an ni bọ̀ọ̀dá mi sì ń jókòó sí, níbi tí ìgbì náà kò ti lágbára rárá. Nígbà tó dé 58, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nóòtù kan ń pariwo, òmíràn sọnù, nínú orin kan náà.

A fi WiiM bẹ̀rẹ̀, nítorí máìkì inú fóònù ló ń lò. Ẹ̀rọ náà sọ ohùn kan tó gun òkè láti ìsàlẹ̀, fóònù gbọ́ ọ, ó ya àwòrán rẹ̀. Òkè kan dúró ní 58, kòtò kan wà ní 44. Bí a ti fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, NEPA mú iná lọ. Ínfátà gbé ẹ̀rọ wa, ṣùgbọ́n aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour". Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 Hz, ó sì jókòó sáàárín ibi tí a ń wọ̀n gan-an. Ìyẹn lè da ìwọ̀n rú. Ìrẹsì àti ẹja díndín ni a fi dúró de iná.

Nígbà tí iná dé, ó kan Lyngdorf. Inú páálí rẹ̀ ni máìkì àti ìdúró rẹ̀ ti wá. Wọn a kọ́kọ́ gbé máìkì síbi tí èèyàn ń jókòó, lẹ́yìn náà wọn a máa gbé e káàkiri yàrá, sókè, sísàlẹ̀, sí kọ̀rọ̀, láìtẹ̀lé ìlànà kan. Lẹ́yìn ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ẹ̀rọ náà ń sọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tó ti mọ̀ nípa yàrá. Ọ̀nà yìí wù mí, torí kò ní kí ẹni tó ni ín di ẹ́ńjínníà. Dirac, èyí tó wà nínú NAD, iṣẹ́ àwọn ará Uppsala ní Sweden, ń wọ̀n yí àga ká, ó sì jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ fa ìlà bí o ṣe fẹ́ kí ohùn rí. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Bọ̀ọ̀dá mi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ké orí òkè 58 Hz yẹn kúrò, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. A fi orin Sunny Adé láti inú *Juju Music* ti 1982 sí i, a pa àtúnṣe, a tún tàn án. Nígbà tó wà ní títàn, mo gbọ́ ibi tí ọwọ́ onígìtá báàsì ti ń kúrò lórí okùn, àwọn ìlù sì yọ kúrò lábẹ́ ariwo tó bò wọ́n tẹ́lẹ̀. Lyngdorf ló ṣe é tó mọ́ jù létí mi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ sí WiiM kò tó ìyàtọ̀ owó wọn.

"F tó sọnù ńkọ́?" mo béèrè.

"Ẹ̀rọ ò lè wá a rí, sà. Tí a bá fi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 10 kún un, ìlọ́po mẹ́wàá agbára ló máa gbà. Ẹ ó máa ná 600 wáàtì síbi tí ohùn ò ti fẹ́ dúró."

Ó tún pàtẹ́wọ́. Bákan náà ló ṣe lu ògiri tó sì padà. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ àtúnṣe kankan. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì tó nípọn ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa àga kúrò lára ògiri ní mítà kan, pé ìgbì tó há sí gígùn pálọ̀ yẹn yóò dín kù sí ìdajì níbẹ̀. Àǹtí, ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi, tí wọn kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dá sí i.

"Àga wo? Àga tèmi yìí?"

"Ẹ má bínú, mà. Díẹ̀ náà ni."

Lẹ́yìn àríyànjiyàn, Àǹtí fún wọn ní ìdajì mítà àti kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn fúnra wọn máa yan àwọ̀ rẹ̀.

Àwo ló wá yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Lyngdorf ní ihò tí a ń ki giramafóònù bọ̀. Àwọn méjì yòókù kò ní, wọ́n fẹ́ àpótí kékeré mìíràn láàárín. Òótọ́ ni pé Lyngdorf ń sọ ohùn àwo di nọ́ńbà kí ó tó tún un ṣe, àwọn kan sì kà á sí èèwọ̀. Èmi ò ní sùúrù fún irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni áàpù: áńpílífáyà lè lo ogún ọdún, áàpù kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń rà á ka ihò ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Dátà náà wà níbẹ̀: Spotify ní 320 kilobit ń jẹ 144 MB ní wákàtí kan.

Bọ̀ọ̀dá mi mú Lyngdorf. Tó bá jẹ́ owó tèmi ni, WiiM ni mo máa mú, kí n fi ṣẹ́ńjì ra àpótí giramafóònù àti kápẹ́ẹ̀tì, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó sórí owó tèmi. Ọmọkùnrin náà kò dá máìkì padà sínú páálí. Ó ní bí kápẹ́ẹ̀tì bá ti délẹ̀, tí àga sì ti kúrò níbi tó wà, ìwọ̀n tòní kò wúlò mọ́, àfi kí a tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, kí a sì bẹ aládùúgbò kó tó tan jẹnẹrétọ̀.